Rọ́ọ̀dù Tí Jàbárù Kọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á parí, pàápàá ẹ̀yin tí ọkọ yín ń wakọ̀.

1. Ní 1984, Jàbárù ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń fi ọkọ̀ Píjó akérò kan ná ọ̀nà Zuba sí Kàdúná. Ọkọ̀ yìí nìkan ló ń bọ́ Gàníyátù ìyàwó rẹ̀ àti Rísíkàt, ìkókó wọn. Mùkáílà, ọmọ ìlú rẹ̀, ń ná ọ̀nà kan náà. Nígbà tí Mùkáílà fi agbára kún ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, bí wọ́n bá dé òkè, á ya Jàbárù sílẹ̀ bí ẹni pé ṣe ló dúró. Àwọn agbèrò wá sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́.

"Kai, Jàbárù, eruku Mùkáílà lo máa jẹ yó lónìí."

Nígbà tó délé, Jàbárù ti oúnjẹ tí Gàníyátù gbé fún un sẹ́yìn.

"Ọjọ́ kan náà la jọ dé ìlú yìí. Kí ló fi jù mí lọ?"

"Bàbá Rísíkàt, ọkọ̀ yín náà ń kún. Ẹ jẹun."

2. Ó lọ bá Sàkáríyà mẹkáníìkì. "Jẹ́ kí tèmi sáré ju ti Mùkáílà lọ. Àmọ́ owó mi ò pọ̀ o."

"Bí owó ò bá pọ̀, rọ́ọ̀dù, irin inú ẹ́ńjìnnì, ni ká kọ́kọ́ mú dáadáa. Òun ló so písítìn tó ń lọ sókè sódò mọ́ kíránkì tó ń yí. Gbogbo agbára tó o bá kó sókè, òun ló máa rù ú."

Jàbárù lọ ra àlòkù rọ́ọ̀dù mẹ́rin, wọ́n ń dán yinrinyinrin. Sàkáríyà fi okùn so wọ́n rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi sípánà lù wọ́n. Mẹ́ta dún gooro bí agogo. Ìkẹrin dún bí ìkòkò tó ti sán.

"Ó ti sán nínú. Má lò ó. Wo mẹ́rin yìí, wọ́n le, ọ̀fẹ́ sì ni."

"Ta ló ni wọ́n?"

"Mùkáílà ni. Ó ní bó o bá wá, kí n kó wọn fún ọ."

Ojú Jàbárù yí padà. "Kó lè máa wí ní gáréèjì pé òun ló sọ mí di èèyàn? Irin Mùkáílà ò ní wọ ọkọ̀ mi láéláé." Ó kó tirẹ̀ lọ bá mẹkáníìkì mìíràn, èyí tí kì í lu nǹkan kan wò. Ìyẹn fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, ó sì fi agbára kún ẹ́ńjìnnì.

3. Ọkọ̀ ń fò lóòótọ́. Lọ́jọ́ kan tí kò kó èrò, Jàbárù gbé ìyàwó àtọmọ síwájú kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè, ó rí ẹ̀yìn ọkọ̀ Mùkáílà.

"Bàbá Rísíkàt, ọmọ ń bẹ lọ́wọ́ mi o."

"Di ọmọ mú. Mo fẹ́ kí Mùkáílà rí mi ni."

Ó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, ó yà á sílẹ̀, ó sì juwọ́ sí i. Ọwọ́ náà ò tíì sọ̀ tí rọ́ọ̀dù tó ti sán yẹn fi já, tó lu ẹ́ńjìnnì jáde. Ọ́ìlì gbígbóná bo gíláàsì, ọkọ̀ wọ igbó, iná sì ràn. Mùkáílà ló sáré dé, ló gba Rísíkàt láti ojú fèrèsé, kó tó fa ìyá àti bàbá jáde. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí ẹ̀mí lọ. Ọkọ̀ jóná ráúráú.

Ọkọ̀ Mùkáílà ló gbé wọn padà sí Zuba. Ẹ̀yìn ni Jàbárù jókòó sí, kò lè gbójú sókè. Rọ́ọ̀dù mẹ́rin yẹn ṣì wà lórí ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù Sàkáríyà, ṣùgbọ́n Jàbárù ò ní ọkọ̀ tó máa fi wọ́n sí mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má jẹ́ kí ìlara mú yín kọ ohun tó máa gbà yín là nítorí ọwọ́ tó ti wá. Ẹ̀yin ìyá, bí dẹ́rẹ́bà bá ń bá ẹnìkejì díje, ọkọ yín ni o, ẹlòmíì ni o, ẹ gbọ́mọ yín sọ̀kalẹ̀. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí.