Bàbá Tó Yọ Ọmọ Nílé Ìwé

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni, ní Mushin.

Gbogbo àdúgbò ti kún pálọ̀ Mùktárù télọ̀, torí òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n.

Ògúntádé gba àga tó dára jù, ó fẹ̀ síbẹ̀ bí ọba. Ta ni ò ní fẹ̀? Òun gan-an ló wà nínú tẹlifíṣọ̀n yẹn, tó ń ṣe bàbá òmùgọ̀ tó yọ ọmọbìnrin rẹ̀ nílé ìwé kó lè máa kiri ẹ̀pà.

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dikùn mú.

"Ẹ wo orí bí àgbá òfìfo!"

Mùktárù nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Àmúdàtù ọmọ tiẹ̀ náà ti pa ilé ìwé tì, ó ń bá a gán bọ́tìnnì.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi lẹ bá wí. Àmúdàtù ń padà sílé ìwé lọ́la."

Ògúntádé wú bíi búrẹ́dì. "Ṣé ẹ rí i? Ẹ ní àwàdà là ń ṣe. Ayé là ń tún ṣe o!"

"Ẹ jẹ́ kí òun àti Àràmídé yín jọ máa lọ."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Ògúntádé.

Àràmídé, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, tí mo bá padà sílé ìwé, ta ni yóò máa ka ọ̀rọ̀ eré fún yín, kẹ́ ẹ tó há a sórí?"

Gbogbo pálọ̀ yíjú sí Ògúntádé.

Òṣèré ńlá lanu, kò rí nǹkan kan sọ. Ibi tó kàn yìí, kò tíì sẹ́ni tó kà á fún un.