Safurat Kò Tú Gèlè Ìyá Rẹ̀

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Bí ìyá yín bá ṣì wà láyé, ẹ rọra kà á.

1.
Ní ọdún 1988, Safurat, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, wà ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ó sì mọ̀ pé ó pé. Bí wọ́n ṣe ń yẹ aláìsàn wò láti orí dé ọrùn, ó mọ̀ ọ́n kà bí ẹni ń ka Fátíhà: agbárí, ojú, etí, imú, ẹnu, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọrùn. Kíkà ló mọ̀ o! Kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Sista Jayéọlá, olùkọ́ wọn, a sì máa pariwo lójoojúmọ́ pé, "Ẹ tú gèlè! Ìka ni kí ẹ fi yẹ orí wò, ẹ má fi ojú lásán wò ó."

Ó fún wọn ní ìwé pé kí kálukú yẹ ogún èèyàn wò, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí. Rúùtù, ọ̀rẹ́ Safurat, tú gèlè gbogbo ìyá tó bá ní wọ́ọ̀dù, títí wọ́n fi sọ ọ́ ní Rúùtù Atúgèlè. Safurat fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kí n máa tú orí àgbàlagbà bí ẹni ń wá iná orí? Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí mi o, a mọ ọ̀wọ̀!"

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́, ó kọ orúkọ èèyàn mọ́kàndínlógún tí kò fọwọ́ kàn. Ohun kan náà ló kọ fún gbogbo wọn: Orí, kò sí egbò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń ṣí. Ọrùn, ó rọ̀.

2.
Ó ku ẹnì kan. Safurat lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Marufat, opó tó ń ta ìkòkò, tí kò ní ọmọ mìíràn, ké sí gbogbo àdúgbò: "Ẹ wá wo nọ́ọ̀sì mi!"

"Màámi, ẹ̀yin ni mo máa fi parí ìwé mi."

Inú ìyá dùn. Ó jókòó sórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ìdí gèlè. "Ṣé kí n tú u? Ó ní ibì kan lórí mi tí mo fẹ́ kí o..."

"Ẹ má wulẹ̀ tú u. Àbí mi ò mọ orí ìyá mi ni?"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi náà ń le. Ẹnu mi ò fẹ́ yà láti àná."

"Obì lẹ jẹ jù, Màámi!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí ìkogún, ó sì wọkọ̀ padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ rí nǹkan? Ìyá fúnra rẹ̀ ló fẹ́ tú gèlè!

3.
Ní ọjọ́ kejì, Hajarat, aládùúgbò wọn, gbé Àlàájà wá sí ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì rẹ̀ wà. Eyín rẹ̀ ti dì mọ́ra. Bí ilẹ̀kùn bá dún pẹ́nrẹ́n, gbogbo ara rẹ̀ á gan, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ kọdọrọ.

Sista Jayéọlá tú gèlè. Egbò wà lẹ́yìn etí, wọ́n ti fi ewé gígún dí i, ó ń rùn.

"Páànù ìsọ̀ ló ya á lórí," Hajarat ń sunkún. "Ó ní ká má ránṣẹ́ sí Safurat, kí ọkàn rẹ̀ má bàa kúrò nínú ẹ̀kọ́. Ó ní tó bá délé, òun á tú gèlè fi hàn án."

Dọ́kítà ní tẹ́tánọ́ọ̀sì ni, àrùn tó máa ń gba ojú egbò wọlé. "Ká ní ẹ tètè rí egbò yìí ni..."

Safurat wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màámi, ẹ dákun! Ẹ dá mi lóhùn! Mo ti ṣe tán, mo ti fẹ́ wò ó báyìí!"

Ìyá ń wò ó. Omijé nìkan ló lè jáde lára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni Safurat fi bẹ Ọlọ́run, bẹ dọ́kítà, bẹ gbogbo ẹni tó bá wọ wọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ kẹta, Àlàájà kú.

4.
Lẹ́yìn ìsìnkú, Sista Jayéọlá ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀.

"Ìkogún: Àlàájà Marufat. Orí, kò sí egbò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń ṣí." Ó pa ìwé dé. "Nínú ogún yìí, mélòó lo fọwọ́ kàn?"

"Kò sí, mà."

"Kódà ìyá rẹ?"

Safurat fẹ́ dáhùn. Eyín rẹ̀ dì mọ́ra bí ti ìyá rẹ̀.

Kò sí ẹni tó lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ aṣọ funfun nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Títí di òní, bí obìnrin kan bá ní orí ń fọ́ òun, àfi kí Safurat bẹ̀ ẹ́ pé kó tú gèlè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ gbọ́ o: ẹ má fi bírò ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ má sì pe ọ̀lẹ ní ọ̀wọ̀. Ẹni tí ẹ kọ irọ́ sí lórí lónìí lè jẹ́ ìyá yín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a.