Ohùn Ọjọ́ Jímọ̀

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Sèlíátù máa ń ti Belleville, àdúgbò kan ní Bouaké, rìn wá sílé Àmínù, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Yóò jókòó ti tẹlifóònù, yóò sì di Sákínátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà. Sákínátù gan-an ti wà ní itẹ́ òkú àwọn mùsùlùmí láti oṣù kejì ọdún 2006. Ibà ló mú un, ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi ṣe é. Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, Àmínù sì kìlọ̀ fún gbogbo ẹbí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ túfọ̀ fún Salimata.

Salimata ni ọmọ wọn obìnrin tó wà nítòsí Paris, tó ń kọ ìwé dókítà nínú físíìsì. Ó ku bí ọdún kan ààbọ̀ kó parí. Bàbá rẹ̀ mọ irú ẹni tó jẹ́. Bó bá gbọ́ pé ìyá òun kú, yóò wọ bàálù lọ́jọ́ kejì. Ogun sì ti pín Côte d'Ivoire sí méjì nígbà náà, Bouaké wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Yóò bá báráàjì, ìdènà àwọn sójà ìjọba, lójú ọ̀nà, wọn yóò wo orúkọ Anago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, lórí káàdì rẹ̀, wọn yóò sì fura sí i. Yóò tún bá ti àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní Djébonoua kó tó dé ìlú. Bó bá sì wọ Bouaké tán, ta ni yóò fún un ní físà tí yóò fi padà? Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà á wọmi.

Ohùn Sèlíátù jọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà ní ọmọge, ìyá tó bí wọn kì í mọ èwo nínú wọn ló ń dáhùn láti inú yàrá. Ìdí nìyẹn tí Àmínù fi bẹ̀ ẹ́.

Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú náà, Àmínù kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Kó pe ọmọ náà ní Àjíkẹ́. Kó bèèrè bóyá ó ti jẹun. Kó ní ọ̀fun ń dun òun, kó má bàa sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Àjíkẹ́ mi," Sèlíátù wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Òdìkejì dákẹ́. Ó pẹ́ débi pé Àmínù gba tẹlifóònù, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì dá a padà fún un. Lásìkò náà, ẹni tó bá rí ìlà tẹlifóònù tó dáa lò ní Bouaké, kó dúpẹ́ ni.

"Mo ti jẹun, Màmá," Salimata wí nígbẹ̀yìn. "Ohùn yín ti há. Ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ni n ó máa sọ ọ́, ẹ̀yin ẹ sáà máa gbọ́."

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Orí bá Sèlíátù ṣe é, ọmọ náà kì í bi í ní ìbéèrè. Tẹ́lẹ̀, bí Àmínù ṣe wí, yóò bèèrè ẹni tó bímọ, ẹni tó gbéyàwó, àti ìjà tí àwọn ará ilé kejì ń jà. Ní báyìí, iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń rò.

"Màmá, átọ́ọ̀mù la ń mú, èérún tó kéré débi pé ojú kò lè rí i. A ó mú un tutù títí yìnyín á fi dà bí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ òòfà, bí irin ẹ̀yìn sìpíkà rédíò tó máa ń fa ìṣó mọ́ra. Wọ́n ń yí. Yíyí yẹn là ń pè ní sípìn."

"Hẹ̀n-ẹ́n," Sèlíátù wí.

"Ọ̀kan ò kan èkejì o, àlàfo wà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá yí, èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á mọ̀ ọ́n lára, òun náà á yí. Ohun tí mò ń wò nìyẹn. Kò fẹ́ ìdíwọ́ rárá. Bí rélùwéè bá kọjá níta, irin rẹ̀ nìkan tó láti da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan rú."

"Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́," Sèlíátù wí. Ìyẹn wà lára ohun tí Àmínù kọ́ ọ.

Oṣù ń gorí oṣù. Àmínù rù. Ní ìsọ̀ tó ti ń ta páàtì alùpùpù mọ́bílẹ́ẹ̀tì, ó máa ń káwọ́ lérí, àwọn èèyàn á ní ọjà ló kú, òun náà á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ti Sèlíátù, bí tẹlifóònù bá ti dákẹ́, kì í lè dìde lórí àga fún ìgbà pípẹ́.

"Bàbá Salimata, ó ti rẹ̀ mí," ó wí lọ́jọ́ kan. "Mi ò tíì ráyè sunkún ẹ̀gbọ́n mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Lọ́jọ́ tí ọmọ yìí bá mọ̀, èmi ni yóò kórìíra."

"Èmi ni mo rán ọ níṣẹ́, èmi ni yóò kórìíra," Àmínù wí. "Oṣù mẹ́rin ló kù. Jọ̀ọ́."

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún kejì, Salimata jókòó síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ó pe ilé lọ́jọ́ náà pé wọ́n ti pe òun ní dókítà, lẹ́yìn náà ẹkún gbà á. Àmínù ní kí wọ́n jẹ́ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ní ọjọ́ Àìkú, Àmínù pe àgbà méjì wá sílé lára àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wọn, tó ń gbé Bouaké. Aago mẹ́rin ni wọn yóò pe Paris, wọn yóò sì túfọ̀. Sèlíátù wá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan tẹlifóònù náà mọ́ láé. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, arìnrìn-àjò kan ti mú àpò ìwé kan dé láti ọ̀dọ̀ Salimata. Ìwé dókítà rẹ̀ ni, ó nípọn, wọ́n ti dì í dáadáa. Fadila, ọmọ Sèlíátù, tó ń fi ọ̀fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé láti ìgbà tí àwọn tíṣà ti sá lọ sí gúúsù, nìkan ló lè ka Faransé dáadáa nínú gbogbo wọn. Aago mẹ́rin kò tíì lù. Àmínù gbé ìwé náà fún un pé kó ka díẹ̀ fún wọn títí àsìkò á fi tó.

Fadila ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ó kà á sínú, ó wo ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló túmọ̀ rẹ̀ fún wọn:

"Fún màmá mi, Sákínátù, tí ó kú ní oṣù kejì ọdún 2006, ní ọjọ́ tí mi ò mọ̀, àti fún Tàntí Sèlíátù, tí mo dá ohùn rẹ̀ mọ̀ láti Jímọ̀ àkọ́kọ́, tí ó ṣe màmá fún mi títí mo fi parí iṣẹ́ yìí."