Ibà Fadérera

Nígbà tí Fadérera jí ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú tí ara rẹ̀ gbóná janjan, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kí i kú oríire. Adégòkè, olórí kíláàsì, fi kẹ̀kẹ́ wá gbé e lọ sí ẹ̀kọ́ ooru àti iṣẹ́ nínú kẹ́místìrì. Àga iwájú, àga aláìsàn, ni wọ́n fi í sí. Àga náà fa ooru ara rẹ̀ bí àwọn àga yòókù ti ń fa ti àwọn tó jókòó sórí wọn. Kò pẹ́, ooru náà mú kí pátákó oníná iwájú tàn yòò, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ Ajé ni pátákó ti kú láàárín òfin kejì nípa ooru, ọ̀la sì ni ìdánwò.

"Ṣé o ò tíì lo oògùn?" Dókítà Abíọ́nà, olùkọ́ wọn, bi í.

"N ò tíì lò ó, mà."

"O káre. Ó dáa, ṣé a lè sọ gbogbo ooru di iṣẹ́, kí ohunkóhun má ṣòfò?"

Eyín Fadérera ń gbá ara wọn. "Kò ṣeé ṣe, mà. Díẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ síbi tó tutù."

Bí Dókítà ṣe ń kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, òógùn bo Fadérera. Òtútù fi í sílẹ̀. Ebi pa á, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. Pátákó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Gbogbo ojú yí sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Ara mi ti yá."

Kò sẹ́ni tó kí i kú ewu. Adégòkè rọra gbé e dìde lórí àga. Dókítà Abíọ́nà na ọrùn wo àwọn tó wà lẹ́yìn.

"Ta ni ọ̀nà ọ̀fun ń dùn nínú yín?"