Aṣọ Kẹ̀kẹ́ Mákindé

Lọ́dún 1981, nígbà tí ọdún Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Mákindé olùkọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Àyìnkẹ́ aránṣọ ní Arámọkọ, ó ní kí ó bá òun rán aṣọ tí òun yóò fi gun kẹ̀kẹ́.

"Ti ìdíje Ẹ̀fọ̀n?" ni Àyìnkẹ́ bi í.

"Òun náà ni, Ìyá Tìjání."

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé Àjíǹde, àwọn ọkùnrin máa ń gun kẹ̀kẹ́ láti Arámọkọ, wọn a gba Ẹ̀rìò àti Ìtawúrẹ́ kọjá, wọn a dé Ẹ̀fọ̀n. Ọdún mẹ́ta léraléra ni Mákindé ti ṣe ipò kejì. Ezekiel ará Ìjerò ló ń gba ipò kìíní mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé sọ ọ́ ní Tíṣà Ìkejì. Níbi ìkórè, ẹni tó ń ka orúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ṣèèṣì pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo ìjọ sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ezekiel ti kó lọ sí Kàdúná. Kò tún sí ẹni tó ń bẹ níwájú Mákindé.

"Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú ni mo fẹ́," ó ní. "Irú èyí tí mo ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í tètè dọ̀tí."

Àyìnkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Eérú kẹ̀? Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ gba ipò kìíní ni àbí ẹ fẹ́ lọ roko? Ẹ jẹ́ kí ayé rí yín!"

Ìwó ni Àyìnkẹ́ ti wá. Kò tíì ju ọdún kan lọ tó dé Arámọkọ. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìkọ́gọ̀sì, ìgbà ìsinmi nìkan ló ń wálé. Ó na aṣọ sílẹ̀ lórí tábìlì: àwọ̀ aró, àwọ̀ ewé, pupa, àti ọ̀kan tó ń tàn bí ìyeyè tó pọ́n.

"Aró ńkọ́?" ni Mákindé bi í.

"Aró máa ń fa oòrùn. Kí ẹ tó gun òkè Ẹ̀fọ̀n tán, ẹ ó ti máa hó bí ìkòkò."

"Ewé ńkọ́?"

"Igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì. Ta ló máa rí yín?"

Mákindé gbé aṣọ ìyeyè náà lé àyà níwájú dígí. Ẹ̀rín pa á. Àyìnkẹ́ gbé pupa lé e ní apá méjèèjì, ẹ̀rín náà sì pọ̀ sí i.

"Ṣé kò ti pọ̀ jù?"

"Ó ṣì kù. Níbo làwọn èèyàn yín wà lójú ọ̀nà yẹn?"

Mákindé ní ogún ọdún ni bàbá òun fi ṣe kátíkíìsì ní Ẹ̀rìò. Ìtawúrẹ́ ni wọ́n ti bí ìyá òun.

"Ṣé wọ́n máa ń jáde wòran?"

"Gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n wọn kì í dá mi mọ̀. Mo máa ń fa fìlà bojú, mo sì ń fi áńkáṣíìfù di ẹnu nítorí eruku."

"Irú ojú yìí! Ẹ fi fìlà sílé o. Èmi á kọ orúkọ yín gàdàgbà sí iwájú àti ẹ̀yìn: MÁKINDÉ ỌMỌ KÁTÍKÍÌSÌ."

Ó rán ṣòkòtò dúdú péńpé mọ́ ọn, ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fún pinpin kí ṣéènì má baà mú un. Kò sí ibi tí aṣọ náà ò ti bá a lára mu.

Lọ́jọ́ ìdíje, àwọn mọ́kànlá ni wọ́n jọ gbéra. Kí wọ́n tó dé Ẹ̀rìò, Mákindé ti fi ìdajì máìlì ṣíwájú àwọn tó kù. Ìyá arúgbó kan dìde lẹ́bàá ọ̀nà.

"Háà! Ọmọ kátíkíìsì! Ulé ńkọ́?"

Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà. Mákindé sọ̀ kalẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá náà ki oríkì rẹ̀ dópin kí ó tó ní kó dìde.

Kò tíì gùn ún dáadáa tí Beatrice, àbúrò bàbá rẹ̀, fi ké: "Wọ́n ní aṣọ kan ń bọ̀ tó ń jó bí iná! Àṣé tiwa ni!" Ó tún dọ̀bálẹ̀. Àwọn àgbà akọrin mẹ́fà wà lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ní kó yípo kí àwọn lè ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yípo lẹ́ẹ̀kan. Inú rẹ̀ dùn, ó tún yípo lẹ́ẹ̀kejì. Ní Ìtawúrẹ́, àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ní dandan ni kó fẹnu kan iyán.

Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì eérú, tó fi áńkáṣíìfù di ẹnu, gun kẹ̀kẹ́ kọjá wọn. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì kí i. Òun ló kọ́kọ́ dé Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Lásúnkànmí, wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ fún un. Mákindé ṣe ipò kẹsàn-án, iyán ṣì wà létè rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ó yà ní ṣọ́ọ̀bù Àyìnkẹ́.

"Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"Ẹ má kí mi ní pẹ̀lẹ́, Ìyá Tìjání. Ẹsẹ̀ mi ló ṣẹ̀, aṣọ ò ṣẹ̀. Àwọn ọmọ ò tilẹ̀ pè mí ní Ìkejì mọ́."

"Kí ni wọ́n wá ń pè yín?"

"Tíṣà Ìyeyè!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n bàbá kan ń bínú ní Ẹ̀rìò pé mo kọjá òun láìkí òun. Ojú rẹ̀ ló ti ṣú, kò rí mi. Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí aṣọ náà lọ́dún tó ń bọ̀."

"Èmi á lẹ dígí wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Yóò máa kọ mànà."

Mákindé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń súfèé lọ.

Àyìnkẹ́ ń wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀, ó wá ká aṣọ ìkélé ẹnu ọ̀nà yàrá inú sókè, ó ní, "Bàbá Tìjání, ẹ máa bọ̀, ó ti lọ," Lásúnkànmí ọkọ rẹ̀ sì jáde tòun tife ẹ̀yẹ lọ́wọ́.