Oǹdó Ni Silas Fẹ́

Akínkúnmi ló ń gba àwọn ọkùnrin tó ní HIV nímọ̀ràn ní ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́, inú sì tètè máa ń bí i. Lọ́jọ́ tí Silas padà wá, ó ti rù kan eegun. Ó ti pẹ́ tó ti pa oògùn tì.

"Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Silas ò lè gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Títì ni bẹ́ǹṣì tá a ti ń dúró gba oògùn níta yẹn kọjú sí. Gbogbo ẹni tó bá wọ takisí láti Ìjàpọ̀ ló ń rí mi. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti bi mí pé kí ni mo ń wá ṣe níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé fún mi kí n máa lọ gbà á ní Oǹdó. Ọjọ́ Jímọ̀ ni tàwọn ọkùnrin níbẹ̀, mo ti béèrè. Ẹ wò ó, mi ò ní pa á jẹ láéláé."

"Oǹdó kẹ̀!" Akínkúnmi lu tábìlì gbì. "Ìtìjú ló máa bá ọ tọ́ ọmọ rẹ? Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ ò mà ṣe é bá sọ̀rọ̀ o! Àìsàn ò pa yín, ẹnu ayé ló ń pa yín. Orí bẹ́ǹṣì yẹn lo ti máa gbà á, ní gbangba. Mi ò kọ ìwé kankan!"

Fẹ̀yìntọlá, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, dá sí i. "Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ fún un. Ṣebí a ti kọ ọ́ fáwọn míì rí."

"Má dá sí i! Kì í ṣe Oǹdó!"

Silas dìde, ó jáde, kò dúró gba oògùn. Kí òjò ọdún náà tó dá, wọ́n ti sin ín.

Nígbà tí ìròyìn náà dé, Akínkúnmi bú u tòun tẹkún. "Mo sọ fún un! Olóríkunkun!"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ní òun ń lọ wo ìyá òun ní Oǹdó, bó ṣe máa ń lọ. Fẹ̀yìntọlá ní kó bá òun kí màmá.

Ní Oǹdó, ó fa fìlà bojú, ó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ọkùnrin tó wá gba oògùn, nígbà tí nọ́ọ̀sì sì pe "Olúwadámiláre", orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó dìde, ó lọ gba tirẹ̀.