Àmín Ọdún Tuntun

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó jí wa.

Ẹ bá Ìyá Ìtẹ́olúwa yọ̀ ní Sángo. Orí fóònù lọmọ rẹ̀ ti ń lọ yunifásítì.

"Ẹ dákẹ́! Ìtẹ́ wà ní kíláàsì!" ni ìyá máa ń pariwo.

Ilé á pa rọ́rọ́. Ta ló fẹ́ da ìmọ̀ rú?

Ọmọ ń rù, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò burú, ìwé ló ń wọ ara.

Láràárọ̀, ohùn olùkọ́ á jáde látinú yàrá: "Ẹ kú ọdún tuntun! Ọdún yìí á tura."

Ìyá á kúnlẹ̀: "Àmín!"

Lónìí, Nàfísátù ará ilé kejì ò lè mú un mọ́ra.

"Ìyá Ìtẹ́, ọdún tuntun wo? Ṣebí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì yín ló kàn lọ́la?"

Ìyá ṣílẹ̀kùn.

Fóònù nìkan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi kíláàsì Oṣù Kìíní tí wọ́n gbà sílẹ̀ kọ́ ìrọ̀rí. Fèrèsé ṣí sílẹ̀.

Ìyá wá a jáde, ó bá Ìtẹ́olúwa lọ́dọ̀ fọ́kanáísà lójú títì, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Láti ọdún tuntun, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ nílé yẹn."

Ilé yín kò ní pa rọ́rọ́ mọ́ ọmọ yín lórí. Ẹ tètè ṣe àmín, kó má di ìkórè.